Kíjìpá Ìyá Mi Gun Òkè Agbaja

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá, 2025

Ìhòòhò ta ni aṣọ àánú ń bò: ti ẹni tí a fún ni, àbí ti ẹni tó fi fún un? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Ìwé mẹ́ta ló ṣí kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì mi, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dá mi lóhùn. Wọ́n ti mú iná lọ ní gbogbo Gadumo, àdúgbò wa ní Lọ́kọ́ja, láti ìrọ̀lẹ́. Mo tan fìtílà, mo fa ìwé yìí jáde lábẹ́ ìrọ̀rí.

Iná-Àárọ̀ ló fà á. Sarah ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, ọmọ Kabba, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Iná-Àárọ̀ nínú ìwé yìí, torí kì í dúró kí ilẹ̀ mọ́ kó tó máa jó. Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì lónìí, ó da àpò ńlá kan sórí tábìlì mi, lórí fáìlì ìjọba. Jákẹ́ẹ̀tì ló wà nínú rẹ̀. Àjákù àǹkárá, àjákù léèsì, etí aṣọ òkè, gbogbo ohun tí àwọn télọ̀ ń gbá dànù, ni ó mú kí wọ́n rán pọ̀ tó fi di nǹkan tí ojú ń rí tí kò fẹ́ kúrò lára rẹ̀. Mo wọ ọ̀kan. Ọ̀gá mi wọlé bá mi níbi tí mo ti ń yí po níwájú gíláàsì fèrèsé. Ó ní, "Madam Ruth, ṣé ẹ ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni?"

Àtúnrán ni Sarah pe iṣẹ́ náà. Ilé ìtajà kan ní Àbújá ti ní kó kó wọn wá kí Kérésì tó dé. Aṣọ kan tí wọ́n bá tà, ẹrù ìkókó kan fún ọmọ tuntun kan ní Agbaja, lórí òkè. Èmi ni yóò bá wọn kọ káàdì tí wọn yóò so mọ́ ọrùn aṣọ kọ̀ọ̀kan. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kàwé títí ojú yín á fi pọ́n, Àǹtí. Ẹ bá wa wá ọ̀rọ̀ tó dùn."

Mo gbà kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ọkàn mi ń fò sókè bíi ti ọmọ iléèwé tí wọ́n fi jẹ olórí kíláàsì.

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ló wá béèrè àpótí ìyá mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹwàá

Àpótí náà. Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kó lè yé èmi gan-an.

Aṣọ ìyá mi ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni kíjìpá aláró kan tí ìyá tirẹ̀ hun fún un nígbà tó ń lọ sílé ọkọ. Ìyá mi ró o lọ sọ́jà. Ó ró o lọ sóko. Ó fi pọn gbogbo wa. Ó ti gbó débi pé ó rọ̀ bí awẹ́ etí, aró rẹ̀ sì ti ṣí di àwọ̀ sánmà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ọdún kẹsàn-án rèé tí Ìyá ti lọ. Èéfín àti òrí ṣì ń rùn lára rẹ̀.

Sarah fẹ́ ẹ fún jákẹ́ẹ̀tì. "Irú aró yìí ò sí mọ́, Àǹtí. Àwọn ará Àbújá á fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè." Mo ní kò sí àlùmọ́gàjí tí yóò kan aṣọ yẹn lójú ayé mi. Ó ní kí n má bínú. N kò bínú. Mo kàn ti kọ́kọ́rọ́ àpótí bọ àpò mi, mo sì tún ń fọwọ́ kàn án ní gbogbo ìgbà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kẹwàá

Ọjọ́ ńlá! A kó àjákù kiri ọjà láti àárọ̀. Télọ̀ kan rí èmi àti Sarah níbi tí a ti tẹ̀ ba lórí òkìtì aṣọ gígé rẹ̀, ó ní, "Madam, na rag una dey pack so?" Sarah bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀, ó fi hàn án. Ọkùnrin náà gbà á. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló lọ fa àpò méjì jáde lábẹ́ máṣíìnì rẹ̀. Nígbà tí a fi máa dé ìsọ̀ kẹta, ìròyìn ti ṣáájú wa dé ibẹ̀, àwọn tó kù sì ti ń dúró dè wá.

Ìsàlẹ̀ Lọ́kọ́ja, lọ́dọ̀ Bàbá Lìádì, ni wọ́n ti ń rán an. Ará Ìlọrin ni wọ́n láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ìdílé wọn ti pẹ́ létí odò yìí débi pé Nupe àti Hausa ti di ọ̀rọ̀ àwàdà lẹ́nu rẹ̀. Ẹlẹ́nu-Abẹ́rẹ́ ni mo ń pè é níhìn-ín. Bó ń rán aṣọ, bí kò rán an, abẹ́rẹ́ olórí ló máa ń kún ẹnu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò ní yé sọ̀rọ̀. Ó rí mi, ó ní, "Ìyá Oníwèé, ẹ rọra o. Ẹni tó bá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo lè ṣèèṣì rán an mọ́ aṣọ."

Máṣíìnì mẹ́fà ń ké lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọ̀ pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ ewé, òdòdó lórí ìlà. N kò rántí ìgbà tí inú mi dùn tó báyìí gbẹ̀yìn. Mo ti kà á nínú ìwé pé òkìtì aṣọ àlòkù wà létí òkun àwọn ìlú kan tó ga ju ilé lọ. Níhìn-ín, lójú mi, òkìtì kan ń dínkù.

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kẹwàá

Káàdì ṣì funfun. Mo kọ ọ́: *Aṣọ yìí ti bo ọmọ kan ní Agbaja.* Mo fà á ya. Ta ló rí ọmọ náà?

Christopher, àbúrò mi, pè láti Àbújá. Mo ròyìn Àtúnrán fún un, ó rẹ́rìn-ín. "Ọjà ni wọ́n ń tà, Sisí Ruth. Àánú ni ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí torí pé èmi náà ti rò ó, n kò kàn rí i sọ dáadáa bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún ní, "Bẹ́ ẹ bá gé aṣọ Ìyá, ẹ má pè mí mọ́." Mo ní, ta ló sọ̀rọ̀ gígé?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kẹwàá

Àríyànjiyàn. Owó àsanṣáájú ti wọlé láti Àbújá, Sarah sì ti fi apá kan rẹ̀ ra ṣọ́ọ̀lù ọmọdé. Tuntun fínnífínní, láti òkè òkun, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá tó ń dán. Mo ní, "Sarah, àwa tí à ń sọ fún olówó pé àjákù níyì, kí ló dé tí a ń ra tuntun fún tálákà?"

Ojú rẹ̀ pọ́n. "Àǹtí, kí n gbé àlòkù fún ẹni tí kò ní? Wọ́n á ní à ń fi wọ́n wọ́lẹ̀. Olówó lè wọ àjákù, àrà ló ń dá. Bí tálákà bá wọ̀ ọ́, ìṣẹ́ ni wọ́n máa pè é."

Ẹlẹ́nu-Abẹ́rẹ́ ní òótọ́ ni. Èmi náà rò pé òótọ́ ni. Síbẹ̀ ọ̀rá yẹn ń dán jù.

Ọjọ́ Àìkú, 19 Oṣù Kẹwàá

Òjò. Odò ti gba ọ̀nà ìsàlẹ̀. N kò kọ nǹkankan lórí káàdì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Oṣù Kẹwàá

A ti dé Agbaja! Gbogbo ara ń dùn mí, inú mi sì ń dùn. Ọ̀nà yẹn — òkúta pupa, kòtò, òkúta pupa. Ẹlẹ́nu-Abẹ́rẹ́ di ọwọ́ mọ́ fìlà rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó ní bí irin bá pọ̀ nínú ilẹ̀ tó bí wọ́n ṣe ń wí, kí wọ́n fi díẹ̀ ṣe afárá.

Àwọn obìnrin pàdé wa níwájú ilé ìwòsàn kékeré. "Ọ̀kún o! Ọ̀kún o!" Ara mi yá gágá. Ìjùmú ni èmi, Oworo ni àwọn, àmọ́ ìkíni yẹn mú gbogbo wa di ọmọ ìyá. A pín ẹrù. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n jó, wọ́n gbàdúrà fún wa débi pé ojú tì mí. Sarah ya fọ́tò, torí ilé ìtajà Àbújá ti ní kó rí i dájú pé fọ́tò wà.

Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, Ẹ̀ríolúwa, ọmọbìnrin tó ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo bi í léèrè ohun tí wọ́n ṣì nílò. Ó kọ́kọ́ ní kò sí. Nígbà tí Sarah ti jìnnà díẹ̀ ló wá sọ pé, "Iná, Mà. Tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo ń dì sẹ́nu gbẹ̀bí. Tí bátìrì bá kú, ọwọ́ ni mo fi ń ríran."

Kí ló dé tí a kò bi wọ́n léèrè kí a tó lọ ra ṣọ́ọ̀lù?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kọkànlá

A padà lọ. Ó yẹ kí n rọra kọ ti òní.

Aboyún kan wà tó ń jẹ́ Huda, inú rẹ̀ ti wọ oṣù. Ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Kàrímọ́tù, ní kí a wá jẹ iṣu. A wọlé. Ìyàwó kejì nínú ilé ti bímọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ náà sùn sórí ẹní. Mo wá ṣọ́ọ̀lù wa. Mo rí i. Orí ìṣó ló wà, lára ògiri, nínú ọ̀rá rẹ̀, bíi kàlẹ́ńdà. Ìró àgbà kan tó ti ṣí ni wọ́n fi wé ọmọ.

Sarah kò lè pa á mọ́ra. "Ìyá, ṣé kò dára ni?"

Ìyá Kàrímọ́tù ní, "Ó dára, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kó kọ́ ìwà lára ògiri ná. Aṣọ tí kò tíì bá èèyàn sùn, tí kò tíì bá èèyàn jí, kí ló mọ̀ nípa ayé tó fẹ́ fi gba ọmọ?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá Lìádì rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu.

Mo mọ̀ ọ́n! Àṣà tèmi náà ni. Aṣọ àgbà ni a fi ń gba ìkókó, kó lè gbó, kó lè tọ́, bí ẹni tó kọ́kọ́ ró o. Ìyá mi fi sọ̀rọ̀ níṣojú mi kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Bàbá Lìádì mọ̀ ọ́n. Sarah mọ̀ ọ́n. Aṣọ bàbá bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi gba òun náà ní Kabba. Ojú ló tì wá. A ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àlòkù la gbé wá, a wá gbé àjèjì fún ọmọ tuntun.

Nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń sọ̀ kalẹ̀, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá kòtò kẹta ni. Sarah bú sẹ́kún, ó bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí! Àlòkù ni wọ́n fẹ́! Àlòkù ni iṣẹ́ wa!" Ó ń lu dáṣíbọ́ọ̀dù. "A ò ra ṣọ́ọ̀lù mọ́. Owó rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi ra iná fún nọ́ọ̀sì."

Christopher, ṣé ọṣẹ nìyẹn náà?

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kọkànlá

N kò rí irú èyí rí. Sarah sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ Àìkú, Bàbá Lìádì sọ ọ́ lẹ́yìn ìrun ní mọ́sálásí wọn: *A ń fẹ́ ìró àwọn àgbà, èyí tí wọ́n ti ró tó ti rọ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́.* Láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti ń gbé e wá. Ìyá kan láti àdúgbò Karaworo bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ró ìbora ọmọ rẹ̀ lọ sílé. Òmíràn ní, "Ẹ sọ fún ọmọ náà pé mo ti rí ọmọ-ọmọ-ọmọ mi, kó má kánjú." Orúkọ olówó aṣọ ni Bàbá Lìádì ń fi òwú kọ sí etí kọ̀ọ̀kan. Ó ti ń ṣeré pé òun yóò fi sọ̀kòtò òun sí i, ìyàwó rẹ̀ ní ta ló fẹ́ kí ọmọ òun máa sùn lẹ́nu iṣẹ́.

Gbogbo wọn ló wà láàyè. Àgbà tó ń mí ni gbogbo ìlú ń mú aṣọ rẹ̀ wá.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kọkànlá

Mo ṣí àpótí. Mo ti í.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kọkànlá

Mo tún ṣí i. Aṣọ òkú ni. Ta ni yóò gbà á? Bí wọ́n bá sì gbà á, èmi ńkọ́? Mo ti kàwé púpọ̀, mo mọ̀ pé aṣọ kì í gba ẹ̀mí là. Nọ́ọ̀sì ni, iná ni, omi gbígbóná ni. Kí wá ni mò ń dì mú tó báyìí lára òwú tí a pa láró?

Òtútù máa ń wà lórí òkè láàárọ̀. Mo lè fi bo èjìká lásán. Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ fún ara mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kọkànlá

Ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá Lìádì gun òrùlé ilé ìwòsàn, ó so pánẹ́ẹ̀lì tó ń sọ oòrùn di iná. Nígbà tí gílóòbù tàn nínú yàrá ìgbẹ̀bí, Nọ́ọ̀sì Ẹ̀ríolúwa lọ dúró sábẹ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọn.

Lẹ́yìn náà, àwọn ìró. Àwọn aboyún ń yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n ń ní kí a ka orúkọ. "Ta nìyí?" "Ìyá Karaworo, ó ti rí ọmọ-ọmọ-ọmọ rẹ̀." "Mo mú un!" Ariwo, ẹ̀rín, ìjà eré. Huda nìkan ni kò mú nǹkankan. Ó dúró síwájú mi, ó fọwọ́ kan èjìká mi.

"Eléyìí ńkọ́, Mà?"

Sarah fọwọ́ tọ́ mi lẹ́yìn, ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí mi létí pé, "Ẹ má wulẹ̀ sọ, Àǹtí." Àánú ló ń ṣe é, kò fẹ́ kí wọ́n kọ̀ ọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n oṣù kan gbáko ni n kò fi rí káàdì kọ torí òótọ́. Mo ní, "Ìyá mi ló ni ín. Ó ti kú."

Àwọn obìnrin sún sẹ́yìn díẹ̀. Ìyá Kàrímọ́tù jáde síwájú. Ọmọ ọdún mélòó ni nígbà tó kú? Mo ní méjìlélọ́gọ́rin. Ó mi orí, ìyẹn dára. Ó wá béèrè èyí tí ọkàn mi ti ń sá fún láti àárọ̀: "Ṣé ó fọwọ́ ara rẹ̀ sin ọmọ?"

Mo lè sọ pé rárá. Ta ni yóò mọ̀?

"Ẹyọ kan. Èyí tó ṣáájú mi. Ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la."

"Ara aṣọ yìí ló wà?"

"N kò mọ̀, Ìyá. Kò sọ fún wa. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Àwọn obìnrin tún sún sẹ́yìn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ náà, mo fẹ́ dá a padà sínú àpò. Ìtura díẹ̀ wà nínú mi, kí n má purọ́. Màá gbé e lọ sílé odindi.

Huda ní, "Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Mẹ́rin. Gbogbo wa wà láàyè. Aṣọ yìí ló fi pọn wá."

Ó di etí aṣọ náà mú. "Ìyá yẹn mọ ọ̀rọ̀ mi. Tèmi àkọ́kọ́ náà kò dúró. Àwọn ìyá yòókù tí ẹ ka orúkọ wọn, ayọ̀ nìkan ni ẹ sọ nípa wọn. Èyí tó ti sunkún, tó tún pọn ọmọ, ni mo fẹ́." Ó yíjú sí ìyá ọkọ rẹ̀. "Àbí ẹ ò gbà, Ìyá?" Ìyá Kàrímọ́tù wò ó pẹ́. Ó ní, "Ṣé èmi ni mo fẹ́ bímọ ni? Ẹnu yín mà mú, ẹ̀yin ìyàwó òde òní."

Ẹ̀rín bẹ́. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà, obìnrin mìíràn bọ́ síwájú, ó rọra sọ̀rọ̀. Òun náà, lọ́dún tó kọjá. Ṣé a lè gé díẹ̀ fún òun? Ìkẹta tẹ̀lé e. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, wọn kò wo ojú ara wọn.

Bàbá Lìádì ti mú àlùmọ́gàjí jáde. Kò gé e. Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó di ẹnu abẹ rẹ̀ mú, ó na ibi ìdìmú sí mi. "Ìyá Oníwèé, tiyín ni."

Mo gé e. Kò dún bí mo ṣe rò. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn ń rìn lórí ewé gbígbẹ. Mo gé e sí mẹ́ta, Huda gba èyí tó tóbi jù, mo sì kó òwú tó já bọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ mi. Nígbà tí mo gbójú sókè, Sarah ti ti fóònù rẹ̀ bọ àpò. Mo bi í léèrè fọ́tò fún ará Àbújá. Ó ní, "Wọ́n á rí aṣọ rà. Èyí kì í ṣe tiwọn."

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kọkànlá, ìdájí

N kò sùn. Mo pe Christopher kí ojú mi tó gbẹ, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó wá ní, "Orúkọ wo ni wọ́n fẹ́ sọ ọmọ náà?" Mo ní kò tíì bí i. Ó ní, "Tó bá bí i, ẹ pè mí."

Káàdì náà ti wá. *Owó aṣọ yìí wà lára iná tí wọ́n fi ń gbẹ̀bí ní Agbaja. Mo fojú ara mi rí i.* Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè ọjọ́ kìn-ín-ní ṣì wà. Lánàá, tí mo fún Huda tán, òtútù mú mi, èjìká mi ṣófo, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Bóyá ìyẹn ni ìdáhùn. Bóyá kì í ṣe òun.

Fóònù dún nísinsìnyí. Nọ́ọ̀sì Ẹ̀ríolúwa. Ẹkún ọmọ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Huda ti bí. Obìnrin. Ó tó wákàtí méjì tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dà, ó ní bí kò bá sí iná ni, òun ì bá má rí ibi tó ti ń wá. Ìyá àti ọmọ wà dáadáa. "Wọ́n ti wé e, Mà. Ó ti dákẹ́ báyìí. Ó fi ẹnu mú etí aṣọ náà."

Mo gbọ́ tí Ìyá Kàrímọ́tù ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀ pé kí wọ́n má pa gílóòbù yẹn o, kí wọ́n jẹ́ kí òun wo ojú ọmọ òun yó.

Ilẹ̀ ti mọ́ lórí odò. Màá pe Christopher. Iná ń tàn ní Agbaja. Mo pa fìtílà tèmi.